Pẹ́pẹ́yẹ Inú Tẹlifíṣọ̀n àti Ọwọ́ Òsì Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà, àbígbẹ̀yìn tó pa ilẹ̀kùn ilé ọmọ dé,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń sùn dáadáa, ṣé o ń jí dáadáa, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbélé kì í yọ ọ́ lẹ́nu? Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, a wà, a ń jẹ, a ń mu, a dúpẹ́. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀, kí o kà á tẹ̀rín-tẹ̀rín, kí ẹni tó bá gbéra láti bà ọ́ nínú jẹ́ lọ́jọ́ náà ṣìnà ilé rẹ. Àmín.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù mi ní orí òun ti kún. Mi ò ṣàwàdà o. Ó kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ gbangba pé kò sí àyè mọ́ nínú ìrántí òun. Mo gbé e lọ bá onírédíò, ọkùnrin tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òótọ́ ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo ní kò burú, tèmi náà ti ń kún. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi bẹ́ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí i lára mọ́, kó má lọ bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. "Báwo ni" àti "ó dàárọ̀" nìkan ni mò ń fún un. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ gígùn, inú ìwé ni n ó kọ ọ́ sí, torí ìwé, bí ọ̀kan bá kún, a ó ya òmíràn.

Àwọn ará ilé wà dáadáa. Òrùlé ilé ìdáná tó ń jò ti dákẹ́, bóyá torí pé òjò kò tíì rọ̀ ni, mi ò lè sọ. Aládùúgbò wa, ìyá alájá, ní kí n kí ọ, ajá rẹ̀ náà wà níbẹ̀, n ó sọ̀rọ̀ lórí ajá náà láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ gan-an ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé àìsàn tó dá wọn wólẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, tó sọ apá òsì di òkú mọ́ wọn lára, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ẹsẹ̀ padà, ẹnu náà ń tọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ló kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo ìgbà tí o ń pè tí mò ń sọ pé wọ́n ti sùn, wọn ò sùn o. Iwájú mi ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á máa mi orí sí mi pé kí n má gbé e fún wọn. Wọn ò fẹ́ kí o gbọ́ bí ohùn wọn ṣe rí ni. Wọ́n á gbé ọwọ́ òsì náà lé itan, yóò wà níbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde, àwa méjèèjì á máa ṣe bí ẹni pé a ò rí i.

Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà nílé ìwòsàn fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan, ó ní kí wọ́n máa fún un mọ́wọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bàbá rẹ wo bọ́ọ̀lù, wọ́n wo nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ẹ ṣeun. Bí a ṣe ń délé, wọ́n jù ú sí ajá ìyá alájá. Ajá náà ló ń fún un mọ́nu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ báyìí, àgbọ̀n rẹ̀ ti le bí irin. Ká ní òun ni àìsàn náà ṣe ni, ì bá ti gbádùn tipẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọṣẹ́ wọn àgbà, èyí tí ẹ máa ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ wà ní kékeré torí pé kì í rẹ́rìn-ín rárá. Òun náà ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí, ó sì ní àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kó wá kó gbogbo irinṣẹ́ àwọn, ayùn, ìfági, hámà, títí dé tábìlì iṣẹ́ tí wọ́n kàn kí a tó bí ọ. Wọ́n ní káfíńtà tó bá ti di ọlọ́wọ́ kan, òǹwòran ló dà. Wọn ò bínú nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí, torí ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ohun tí bàbá rẹ kì í fi ìbínú díẹ̀ sí. Ẹlẹ́rìn-ín ní òun ń kan àga fún ilé ìwé kan, pé bí òun bá parí rẹ̀ òun á gbé kẹ̀kẹ́ akẹ́rù wá. Èmi rò pé ó ń sá ni. Mo sì bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí àga ilé ìwé náà pọ̀.

Nítorí pé wọ́n ń jókòó ṣáá tí wọ́n ń wo ògiri, mo ní kí onírédíò wá bá wa tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, ó kéré tán kí ògiri sinmi. Ibí ni mo ti fẹ́ kí o ní sùúrù fún mi. Ṣé o rántí páálí tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ, èyí tí o kọ "ẹ má fọwọ́ kàn án" sí lára? Mo fọwọ́ kàn án. Mò ń wá ohun tí n ó fi ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ yé gbá a, mo rí nǹkan kan nínú páálí náà tó dà bí agolo mílíìkì ńlá méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, rọ́bà bo ojú wọn, wáyà kan sì yọ nídìí wọn bí ìrù eku. Mo kọ́kọ́ rò pé iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ọ̀kan, ṣúgà sí èkejì. Mo fi ọ̀bẹ gbìyànjú títí, ìdérí ò ṣí. Mo fi ti ilẹ̀kùn. Mi ò ní purọ́, ó ti ilẹ̀kùn dáadáa.

Onírédíò wọlé, ó kí wa, ojú rẹ̀ bọ́ sí ìdí ilẹ̀kùn, ó gbàgbé tẹlifíṣọ̀n tó tìtorí rẹ̀ wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu eruku ojú rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé Màmá, kí ló dé tí ẹ fi èyí ti ilẹ̀kùn? Mo ní afẹ́fẹ́ ni.

Ó ní kí n gbé ìyókù wá, mo wọ́ páálí náà jáde. Ẹ̀rọ dúdú kan wà níbẹ̀, àwo kan tó ń dán bíi dígí, àti wáyà tó ti lọ́ pọ̀ mọ́ra. Ó ní géèmù ni, ti ìgbà pípẹ́. Ó ní nígbà tó jáde, ńṣe ni àwọn ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, torí géèmù tí gbogbo ayé mọ̀, bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ lára rẹ̀, ta ni yóò wá máa lu agolo kí pẹ́pẹ́yẹ inú rẹ̀ tó rìn? Wọ́n ní ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ó ní òun gan-an fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, àfi ìgbà tí òun dàgbà tí òun rí i nílé ẹnìkan tí òun lù ú díẹ̀, òun wá rí i pé ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe, pé àwọn géèmù yòókù, ìka nìkan ní í ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n èyí, láti èjìká ni. Ó ní òun ti wá agolo yìí títí, òun ò rí, torí àwọn tó rà á ti dà á nù. Mo wá rántí bí o ṣe fi owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ rà á wálé tí gbogbo wa ń wò ọ́ lójú. Jọ̀ọ́, má bínú sí wa, a ò mọ̀ pé ojú ọjà ló fọ́.

Ó tún tẹlifíṣọ̀n ṣe tán, ó so wáyà mọ́ ọn, ó ti káàdì pẹlẹbẹ kan bọ ihò, ó ní ibẹ̀ ni ìrántí ẹ̀rọ náà wà. Mo sáré ní kó yọ ọ́, bí òun náà bá kún ńkọ́? Ó ní ti èyí kò lè kún láéláé, torí pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló ń rántí. Ọkàn mi wá balẹ̀.

Ọmọ mi, mo rí pẹ́pẹ́yẹ náà. Ó wọ bàtà òjò pupa, kò wọ ṣòkòtò. Ìtàn rẹ̀ ni pé ìjì gbé ilé rẹ̀ lọ sí ibi tó jìnnà, òun náà wá ń wá a kiri, láti orí òkè dé inú odò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo kí i kú ìrìn, ó sì dúró, ó ń wò mí, ó ń fi bàtà kan ilẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Onírédíò ní bí mo bá lu agolo ọ̀tún, yóò lọ sọ́tùn-ún, bí mo bá lu ti òsì, yóò lọ sósì, bí mo bá lu méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò fò, bí mo bá sì pàtẹ́wọ́, yóò ké, èso á já bọ́ láti orí igi, àwọn ọ̀tá rẹ̀ á dákú díẹ̀. Ó ní etí wà láàárín agolo náà tó ń gbọ́ àtẹ́wọ́. Láti ìgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀, bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹbí, mo máa ń kọ́kọ́ fi aṣọ bò ó.

Mo lu ọ̀tún. Pẹ́pẹ́yẹ gbéra, ó ń lọ, ó ń lọ, ó já sí kòtò. Mo dìde dúró. Mo ti ń wá ohun tí n ó sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ nígbà tó tún yọjú níbi tó ti gbéra, bàtà lẹ́sẹ̀, bí ẹni pé kò sí nǹkan. Onírédíò ní ẹ̀mí mẹ́ta ni wọ́n fún un. Mo ní ta ló fún un? Ó ní àwọn tó ṣe é ni. Èmi tó jẹ́ ẹyọ kan ni mo gbà, mo sì ń rọra rìn, pẹ́pẹ́yẹ gba mẹ́ta, ó wá ń fi wọ́n ṣòfò nínú kòtò.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti parí iṣẹ́ ilé, n ó jókòó sí i. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ńṣe ni mò ń lu agolo náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń lu ẹ̀yìn ọmọ kó lè sùn, pẹ́pẹ́yẹ á rìn díẹ̀, á dúró, á wo ẹ̀yìn. Bàbá rẹ kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń wo ògiri wọn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé àga wọn ń yí. Lónìí yóò yí díẹ̀, lọ́la yóò tún yí díẹ̀, títí ó fi kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tán pátápátá. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìwọ obìnrin yìí, o ti tún pa á. Ṣé o ò rí kòtò ni? Bí èèyàn bá fẹ́ lu nǹkan, kó lù ú kó mọ̀ pé wọ́n lu òun. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí mi lọ́sẹ̀ yẹn ju èyí tí wọ́n ti sọ láti ìgbà àìsàn lọ, èébú ni gbogbo rẹ̀, inú mi ń dùn.

Nígbà tó sú wọn, wọ́n gba agolo náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún lu ọ̀tún, wọ́n sáré fi ọwọ́ kan náà lu òsì, pẹ́pẹ́yẹ ń lọ, ó ń bọ̀, iyì ń bẹ níbẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n dé etí odò. Odò náà fẹ̀, ó ní láti fò, kó sì tó fò, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ balẹ̀ pọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ bọ́ sódò, ó tún bọ́ sódò, ó tún bọ́. Mo ní kí n bá yín lu ti òsì. Wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́.

O mọ̀ wọ́n, wọ́n ní ọgbọ́n àrékérekè bó bá di ọ̀rọ̀ igi. Wọ́n ní kí n lọ mú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá ní ṣọ́ọ̀bù, mo mú ọ̀kan wá, wọ́n ní kì í ṣe òun. Mo mú òmíràn, wọ́n wò mí bí ẹni pé mi ò tíì gbé ilé káfíńtà rí. Ni wọ́n bá dìde fúnra wọn, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò tíì wọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé wọn jáde níbẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé, mi ò tẹ̀lé wọn. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ nu eruku orí tábìlì iṣẹ́ wọn, wọ́n gbé ìfági wò, wọ́n gbé e padà. Nígbà tí wọ́n jáde, pákó wà lábẹ́ abíyá wọn, èérún igi sì wà lára aṣọ wọn, mo fẹ́ kó má kúrò níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n gbé pákó náà dábùú agolo méjèèjì, pé bí àwọn bá ti lù ú láàárín, méjèèjì á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni. Pẹ́pẹ́yẹ fò. Ṣùgbọ́n kò lè rìn mọ́, fífò nìkan ló kù tó lè ṣe, ó ń fò sókè sódò lójú kan bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Wọ́n kọ́kọ́ bínú, wọ́n wá wo pẹ́pẹ́yẹ náà dáadáa bó ṣe ń fò, ẹ̀rín sì mú àwọn náà, ẹ̀rín tó yọ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan.

Wọ́n gbé pákó kúrò. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì, wọ́n jẹ́ kó já lu agolo bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ òsì á bọ̀, ọ̀tún á ti lọ. Ó máa ń pẹ́ dé ni, bí ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ibi ìpàdé, tó bá fi máa wọlé, wọ́n á ti túká, pẹ́pẹ́yẹ á ti wà nínú odò. Lójoojúmọ́ ni. Mò ń ṣe bí ẹni pé mò ń ká aṣọ. Èjìká wọn ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà ìgunpá, lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ọwọ́ náà gbéra fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀tún gbé e, ó gbọ̀n, ó dúró lófuurufú bí ẹni tí kò rántí ohun tí wọ́n rán an, ó wá balẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, mò ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo, mo gbọ́ pó. Ìró kan ṣoṣo. Tẹ́lẹ̀, méjì ni mo máa ń gbọ́, pó àti pó. Mo gbójú sókè, pẹ́pẹ́yẹ wà lófuurufú pẹ̀lú bàtà rẹ̀ pupa, ó ń lọ lókè odò, ó ń lọ, ó balẹ̀ sí òdì kejì. Bàbá rẹ wo ọwọ́ òsì wọn, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ó dé lásìkò." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dé lásìkò. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún mi níbẹ̀, mo nu ojú mi, mo padà wá ṣa ẹ̀wà.

Báyìí ni pẹ́pẹ́yẹ náà ṣe ń ti kíláàsì bọ́ sí kíláàsì. Bí a bá fẹ́ pa ẹ̀rọ, yóò béèrè bóyá kí òun bá wa tọ́jú rẹ̀ síbi tó dé, èmi ni mo máa ń dá a lóhùn pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀, ẹ kú wàhálà. Títí a fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Onírédíò ló ní ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Akàn ńlá kan ni, ó wọ kóòtù, ó jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé pẹ́pẹ́yẹ, kò jẹ́ kó wọlé. Onírédíò ní àfi kí a na ọ̀gá kí a tó lè kọjá. Mo béèrè bóyá a ò lè bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí ibi tí wọ́n ṣe ẹ̀bẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ọmọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, géèmù ni èyí o. Bí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ bá dí ọ lọ́nà, kí i, kí o bá ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Ọ̀gá yìí, àtẹ́wọ́ nìkan ló lè mú un dákú kí a tó rí i nà, ọwọ́ òsì bàbá rẹ kò sì tíì lè gòkè pàdé ọ̀tún. Èmi ni mo wá di apàtẹ́wọ́. Ìjà wa pọ̀. Wọ́n ní mò ń pàtẹ́wọ́ ṣáájú, mo ní àwọn ni wọ́n ń pẹ́, wọ́n ní ṣé mo rò pé ilé ìjọsìn la wà ni. Bí mo bá sín, pẹ́pẹ́yẹ á ké. Bí ìyá alájá bá gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òdìkejì ògiri, pẹ́pẹ́yẹ á ké. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún un kó máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ torí akàn. Mo lọ sọ fún un. Láti ìgbà náà, ojú àánú ló fi ń wò mí.

Àárín ìjà yìí la wà nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín ti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù rẹ̀ dé. Àga ilé ìwé ti tán. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí wọn, ẹ kú ìjókòó o, ọ̀gá. Bàbá rẹ ò wẹ̀yìn, wọ́n ní kó dákẹ́ kó jókòó. Omi tí mo gbé kaná ń hó, mo ní kí n lọ sọ̀ ọ́. Wọ́n ní bí èmi bá lọ, kí Ẹlẹ́rìn-ín pàtẹ́wọ́. Ó wò mí, mo mi orí sí i pé kó ṣe é. Bí àwọn méjèèjì ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn, wọ́n ti jọ lo ayùn ẹlẹ́nìyàn méjì rí, wọn ò nílò kí wọ́n máa pe ara wọn. Èmi ò tíì sọ omi kalẹ̀ tí mo fi gbọ́ tí akàn ṣubú. Mo sáré dé, ilẹ̀kùn ilé pẹ́pẹ́yẹ ti ṣí sílẹ̀, ó ń bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo yíjú, mo rí eyín Ẹlẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Funfun ni.

Lẹ́yìn tó jẹun tán, ó wo ilẹ̀, ó béèrè pẹ̀lẹ́ pé ọ̀gá, ti irinṣẹ́ yẹn ńkọ́? Bàbá rẹ dìde. Wọ́n ní, "Wá bá mi di pákó mú."

Wọ́n jọ wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ ayùn. Kò já gaara bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń dúró, ó ń sinmi, ó tún ń gbéra, ṣùgbọ́n ayùn ni. Ohun kan ṣoṣo tí Ẹlẹ́rìn-ín fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé lọ lọ́jọ́ náà ni àga tí wọ́n ń jókòó sí láti ìgbà àìsàn. Wọ́n ní kó bá àwọn gbé e lọ, ó ti sú àwọn. Wọn ò bi mí léèrè o, àga mi sì ni.

Nígbà tí a tún lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gbé ife omi, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé e, ó gbọ̀n, ó da díẹ̀ sílẹ̀, ó dé ẹnu. Nọ́ọ̀sì pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó wá wò. Ó béèrè irú eré ìdárayá tí wọ́n ń ṣe nílé, wọ́n ní pẹ́pẹ́yẹ ni. Nọ́ọ̀sì rọra gbé kálàmù sílẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọjọ́ tí òní jẹ́. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ń bàjẹ́, mo dá sí i, mo ní nọ́ọ̀sì, òótọ́ ni, pẹ́pẹ́yẹ kan ni tó wọ bàtà òjò, akàn ló gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a ti lé e. Ó wá bi èmi náà bóyá mo mọ ọjọ́ tí òní jẹ́. Wọ́n fún àwa méjèèjì ní ìwé pé kí a lọ rí dókítà tó ń wo orí. A ò tíì lọ. Bí o bá ráyè, bá wa pe nọ́ọ̀sì náà, kí o ṣàlàyé fún un pẹ̀lú èdè ilé ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún wa nìyí. Rọ́bà ojú agolo ti ya, ti òsì ni. Kò sí ohun tó ṣe ti ọ̀tún, ti òsì ni wọ́n lù ya. Onírédíò ní wọn ò ṣe é mọ́ níbi kankan, àfi bí a bá rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun àlòkù ní ìlú ńlá, nítorí náà bá wa wò ó kiri, kí o má jẹ́ kí ẹni tó ní in mọ bó ṣe wúlò tó, kó má baà gbówó lé e. Fi ìwọ̀nba owó ránṣẹ́ pẹ̀lú, kí n fi ra àga mìíràn, orí àpótí ìṣó ni mò ń jókòó sí báyìí.

Ní báyìí ná, bàbá rẹ ti gé awọ bàtà àtijọ́ kan, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe òrùka yí ẹnu agolo náà ká, wọ́n ní àwọn máa kan awọ mọ́ ọn. Àná ni wọ́n kàn án. Mo jókòó tì wọ́n. Ọwọ́ òsì ló di ìṣó mú, ìṣó wẹ́wẹ́ tó kéré ju ọkà lọ, ọ̀tún di hámà. Wọ́n kan èkíní, wọ́n kan èkejì, ẹ̀kẹta ni hámà yẹ̀ tó já lé àtàǹpàkò òsì. Wọ́n pariwo. Mo fò dìde, mo ní kí n wá omi tútù. Wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n na àtàǹpàkò náà sí mi, ó ti ń pọ́n, omi sì ti dé ojú wọn, wọ́n ní ìyá ọmọ, ó dùn mí. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní mi ò gbọ́ ohun tí àwọn ń sọ, pé láti ìgbà tí àìsàn ti dé, ìka yẹn ò mọ iná, kò mọ omi, bí igi ló rí. Wọ́n ní, "Ó dùn mí gan-an." Wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n gbé ìṣó mìíràn wá.

Ọlọ́run tó ni gbogbo wa á dá ọ sí fún wa. Ọwọ́ rẹ ọ̀tún ò ní wá òsì tì, ẹsẹ̀ rẹ á máa gbé ọ rere, ibi tí o bá ń lọ kò ní jìnnà jù ọ́, ẹni tí o bá sì fẹ́ràn yóò fẹ́ràn rẹ padà. Bí o bá pè ní ọjọ́ ìsinmi, má pẹ́ jù lẹ́nu bíbéèrè tèmi. Bàbá rẹ ní kí n gbé fóònù fún àwọn.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń fẹ́ ire fún ọ nígbà gbogbo.